Irin Tí Bàbá Mi Tú

Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà bí mo ṣe ń wa ọkọ̀ láti Dacula, ní Amẹ́ríkà níbí, títí dé ọ́fíìsì àwọn ìmígíréṣọ̀n. Bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú kóòtù tuntun, ó ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni pé òun kọ́ ló fẹ́ da ilé rú.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni. Ìyá mi ti kú, ilé wa ní Òṣogbo ti di ilé aláǹtakùn, èmi nìkan ló sì kù tó lè tọ́jú bàbá mi. Ọdún méjì ni mo ti ń lé ìwé ìgbélùú rẹ̀. Mò ń ka ìbéèrè fọ́ọ̀mù sí i létí ní kíṣìnì, ó ń dáhùn “Rárá, rárá,” títí a fi dé ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá ó ti lọ́wọ́ nínú bíba nǹkan jẹ́ lójú ogun rí, tàbí ohun tó pa èèyàn.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni bàbá mi wí.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́! Rárá ni!”

“Kọ bẹ́ẹ̀ ni.”

Gbogbo wa la mọ ìtàn náà láti kékeré. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi sípánà di nọ́ọ̀tì ojú irin. Ogun abẹ́lé ká a mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn tí ìjọba ń bá jà. Àwọn tiwa, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ìjọba, ránṣẹ́ sí i ní bòókẹ́lẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin tó ru ìbọn àwọn ọ̀tá ń bọ̀, kó tú irin. Ó tú u, ọkọ̀ náà sì dojú dé. Bí ìyá mi bá ti sọ ọ́, àwa ọmọ á pàtẹ́wọ́. Bàbá mi á dìde, á lọ síta.

“Òfin rélùwéè ni,” ó sọ fún mi ní kíṣìnì. “Ẹni tó bá tú irin, kó gbé àsíá pupa síwájú kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lè dúró. Àpò mi ni mo fi tèmi sí. Bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.”

“Ọjọ́ kan yẹn ò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ tí à ń gba ìwé! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n dá yín padà ni?”

Nígbà tó wọ ilé ìwẹ̀, mo máàkì “Rárá.”

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, obìnrin òyìnbó kan ló fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Èmi ni mò ń túmọ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ibí kì í tètè yé bàbá mi. Nígbà tó kan ìbéèrè ọ̀hún, mi ò tiẹ̀ túmọ̀ rẹ̀.

“No,” ni mo wí.

Bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi lápá. “Yes, madam. I loose the line. No red flag.”

Háà! Orí mi gbóná. Irú àgbà wo rèé? Ta ló rán an níṣẹ́? Obìnrin náà gbé bírò rẹ̀, ó ní kí n bi í bóyá èèyàn kú. Mo bi í pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni ń bá ọmọ wí.

“Wọ́n ní ṣé èèyàn kú, Dádì?”

Kò wo obìnrin náà. Èmi ló kọjú sí.

“Ìbọn wà níwájú ọkọ̀ lóòótọ́. Àwọn tó ń sá fógun ló wà lẹ́yìn. Mo ka òkú wọn dé mọ́kànlá, mo bá sá. Ọ̀kan pọn ọmọ.” Ó mí kanlẹ̀. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kó o bi mí.”

“Eleven,” ni mo sọ fún obìnrin náà. “Then he ran.” Mi ò túmọ̀ ìyókù.

Lẹ́tà wọn kò tíì dé. Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ kì í ṣe sí bàbá mi mọ́. Èmi tí mo pàtẹ́wọ́ ni mò ń bú.