Ìdọ̀bálẹ̀ Málàm Dáúdà

Ọgbọ̀n ọdún ni Málàm Dáúdà, ọmọ Kánò, fi ra obì lọ́wọ́ Ìyá Títílọpẹ́ ní Sábó, Ṣàgámù. Bó bá ti rí wọn, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ Rẹ́mọ.

Ní ọdún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lórí ìdúró. Inú bí ìyá.

"Dáúdà, àbí mo ti wá di ẹgbẹ́ ẹ? Má rà lọ́wọ́ mi mọ́."

Dáúdà gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló kú. Nígbà tí ìyá lọ bá Hàdísà, ìyàwó rẹ̀, kẹ́dùn, ó ní: "Màmá, ààfáà wa ló ní Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún. Ojú ń tì í láti sọ fún yín. Títí tó fi dákẹ́, 'Ṣé Màmá ṣì ń bínú?' ló ń bi mí."

Ìyá la ẹnu, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kí wọ́n dá lóhùn ti wọ ilẹ̀.