Oyèkànmí àti Téèpù Ìgbín

Bí ẹ bá dé Òkokomáìkò tí ẹ bèèrè Oyèkànmí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ bèèrè Bọ̀dá Onítéèpù, wọ́n á mú yín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èmi Folúkẹ́ aránṣọ ni ẹ ó bá ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ògiri kan ṣoṣo ló pín wa níyà. Mo ti mọ ọkùnrin náà tó ẹni tí mo lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà sì ti mọ̀ mí débi pé kì í dá mi lóhùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Nígbà tí díìsì ṣì ń tà, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àjàní ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Alábà. Bí àwọn onífíìmù bá ti parí iṣẹ́ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó odindi fíìmù sínú téèpù kan, dúdú, onígun mẹ́rin, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Téèpù yẹn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń tẹ díìsì, òun ni wọ́n máa ń wò tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún díìsì jáde. Nígbà tó yá, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wo fíìmù lórí fóònù, Ọ̀gá Àjàní sì ti ilẹ̀kùn pa. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mú ohun tó bá wù wọ́n. Ẹlòmíràn gbé fáànù, ẹlòmíràn gbé tábìlì. Oyèkànmí ní ẹ̀rọ tó ń ka téèpù àti àwọn téèpù tó wà nílẹ̀ ni òun fẹ́. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run wọ́n.

Ẹ̀rọ yẹn náà ló ń bọ́ ọ dòní. Ẹni tí díìsì rẹ̀ bá ti bàjẹ́, tí téèpù àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ṣì wà, Oyèkànmí á ti téèpù bọnú ẹ̀rọ, á jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn, títí àwòrán á fi jáde sórí kọ̀ǹpútà, tí á mọ́ ju ti díìsì lọ.

Àwọn téèpù yòókù ló kún yàrá kan nílé rẹ̀ ní Ìbà. Ìyàwó rẹ̀, Bùsáyọ̀, kì í bínú, àmọ́ lọ́dún yìí ọmọ wọn Ìfẹ́dayọ̀ ní òun ń bọ̀ wá bímọ sílé. Bùsáyọ̀ bá ní kí ọkọ òun mú ọ̀kan, ọmọ-ọmọ tàbí téèpù. Oyèkànmí mú ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n ó rò ó kó tó dáhùn. Ó ṣa àwọn téèpù náà. Èyí tí wọ́n kọ orúkọ fíìmù sí, ó tọ́jú rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí wọ́n kọ ìwàásù àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sí, ó kó o sínú páálí, ó gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù fún àwọn tó ń ra pàǹtírí kiri.

Èmi kì í rí nǹkan gidi nílẹ̀ kí n wò ó níran. Àwọn téèpù yẹn tẹ́jú, wọ́n sì wúwo díẹ̀. Mo mú mélòó kan nínú wọn. Bí mo bá ń gé aṣọ, mo máa ń gbé wọn lé etí aṣọ kí afẹ́fẹ́ fáànù má baà gbé e. Kò sí òkúta tó ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún mi rí.

Kò pẹ́ sí i ni Bàbá Akínṣọlá dé. Káfíńtà ni wọ́n ní Navy Town kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Àjàǹgbádì ni wọ́n ń gbé. Ìyàwó wọn, Màmá Àwẹ̀ró, ti se oúnjẹ fún àwọn onífíìmù nígbà kan rí. Lọ́jọ́ tí ẹni tó yẹ kó ṣe ìyá nínú eré kò wá, wọ́n fa Màmá yọ nídìí ìkòkò, wọ́n ní kí Màmá wá ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni Màmá ṣe fíìmù mọ láyé wọn. Nísinsìnyí àrùn ti mú apá kan ara Màmá, ó sì ti mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu wọn. Díìsì tó wà nílé ti ha, ibi tí Màmá bá ti fẹ́ ṣílẹ̀kùn wọlé gan-an ló máa ń dúró sí.

"Bùrọ̀dá, ìyàwó mi kì í wọlé láìkí mi kú ilé látẹnu géètì," Bàbá sọ fún Oyèkànmí. "Inú fíìmù yẹn nìkan ni ohùn yẹn kù sí. Ẹ bá mi wá a."

Oyèkànmí tú àwọn téèpù rẹ̀ wò, ó sì rí èyí tí wọ́n kọ orúkọ fíìmù náà sí gàdàgbà. Inú wa dùn. Ó tì í bọnú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń kùn, Bàbá jókòó lórí àpótí mi pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Nígbà tí àwòrán máa jáde, ọkùnrin kan tó wọ bàtà òjò ló ń fi ewé ìbẹ́pẹ bọ́ ìgbín. A wò ó títí, ìgbín ṣáá ni. Bàbá, nítorí pé ọmọlúàbí ni wọ́n, ní ìgbín náà sanra.

Oyèkànmí gbé ọwọ́ lérí. Ìgbà yẹn ló tó rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń ṣe lọ́dọ̀ Ọ̀gá Àjàní. Láyé ọjọ́un, àwọn olè tó ń da fíìmù kọ máa ń dènà de téèpù lójú ọ̀nà ilé iṣẹ́. Ni Ọ̀gá bá pàṣẹ pé kí wọ́n máa pààrọ̀ orúkọ, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀kọ́ tàbí ìwàásù sára fíìmù, kí wọ́n sì kọ orúkọ fíìmù sára ẹ̀kọ́. Ta ni yóò jí ẹ̀kọ́ ìgbín? Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́, wọn ò jí wọn ní téèpù kan. Àmọ́ ó ti pẹ́ débi pé ẹni tó pààrọ̀ orúkọ ti gbàgbé. Ó tọ́jú ìgbín, ó kó fíìmù dànù.

Ó sáré jáde lọ wo ibi tó gbé páálí sí. Onípàǹtírí ti gbé e lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ti Bàbá sì ṣe mí jù, nítorí wọn ò bínú, wọ́n kàn dé fìlà wọn, wọ́n ní Ọlọ́run mọ̀ pé àwọn gbìyànjú.

Ni mo bá padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì yíjú sí tábìlì mi. Búláòsì oníbàárà mi wà níbẹ̀, mo ti gé e dé ìdajì, àwọn téèpù tí mo mú nínú páálí sì wà létí aṣọ. Ọ̀kan nínú wọn, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé "Ẹ̀kọ́ Ìgbín Sísìn". Orí rẹ̀ ni mágínẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń ṣa abẹ́rẹ́ jókòó sí.

Mo ké pe Oyèkànmí, ó sáré wọlé, ó rí mágínẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó mú un, ó jù ú sí gọ́tà. Lẹ́yìn náà ló tó wá ṣàlàyé pé mágínẹ́ẹ̀tì lè pa ohun tó wà nínú téèpù rẹ́. Ṣé mo mọ̀? Bí mi ò bá tiẹ̀ mú téèpù náà, níbo ni ì bá wà? Títí dòní kò tíì ra mágínẹ́ẹ̀tì mìíràn fún mi.

Ó nu ẹfun tí mo fi ń sàmì sí aṣọ kúrò lára téèpù, ó tì í bọnú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kà, ó dúró, ó tún kà. Ẹ̀rù bà mí gan-an, n kò lè purọ́. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, orúkọ fíìmù náà yọ, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, mágínẹ́ẹ̀tì mi kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Bí Oyèkànmí ṣe fẹ́ yí i síwájú dé ibi tí Màmá wà, Bàbá dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ ohùn náà lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín," wọ́n ní.

Ó kó o sórí fóònù Bàbá, a sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Àjàǹgbádì. Ẹnikẹ́ni ò pè mí, mo kàn ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, mo bá wọn wọ̀ ọ́ ni.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la bá Màmá Àwẹ̀ró, wọ́n ń fi ọwọ́ tó dára ṣa ẹ̀gúsí. Bàbá fà sún mọ́ wọn, wọ́n gbé fóònù síwájú àwọn méjèèjì. Ilẹ̀kùn kan ṣí nínú fíìmù náà. Obìnrin kan gbé agbọ̀n wọlé, ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ gún, ohùn rẹ̀ sì lọ jìnnà débi pé aládùúgbò yọjú.

"Ẹ kú ilé o," obìnrin náà wí. "Ẹ̀yin ará ilé yìí, ṣé kò séèyàn ni?"

Bàbá gbàgbé pé fíìmù ni.

"Káàbọ̀, Àwẹ̀ró," wọ́n dáhùn. "Mo wà ńlé."

Màmá wo ọkọ wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dún sókè, àṣé àrùn tó mú ọ̀rọ̀ lọ kò mú ẹ̀rín lọ. Oyèkànmí kọjú sí ògiri, ó ń nu ojú, n ò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá na ọwọ́ tó dára, wọ́n fi ìka kan fóònù pé kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá tún un tẹ̀. Ohùn náà tún kí wọn kú ilé, Bàbá sì tún ní káàbọ̀.