Ọjọ́ Tí Mo Sọ Gbogbo Wọn Di Ẹni Rere

Ìwà òmùgọ̀ tí mo hù nìyí: lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, mo mú kí gbogbo ènìyàn inú ìtàn mi ronú pìwà dà. Kò sẹ́ni tó yọ ìbọn sí mi o. Olùkọ́ kan láti Ìlíṣàn ló wá ra obì, ó dúró gbọ́ díẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé kò sí ọmọlúàbí kan ní gbogbo Rẹ́mọ ni?" Ojú tì mí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, bí ẹni tó wọ táì bá sì ti bá mi wí, mo máa ń gbà pé òótọ́ ló ń sọ.

Ẹnu ni mo fi ń sọ ìtàn ọ̀hún, nínú àgbàlá Alàájà kan tó ń ṣòwò obì ní Ṣàgámù, nígbà tí àwọn sójà ṣì ń jọba. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo kọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi máa ń gbọ̀n bí mo bá ti gun igi tí bíríkìlà ń dúró lé kọjá ojú fèrèsé. Ọ̀gá mi ní kí n lọ wá iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ìjókòó. Alàájà gbà mí kí n máa to obì sínú agbọ̀n, kí n máa fi ewé bò ó. Ó fún mi ní yàrá lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń bọ́ mi.

Àwọn obìnrin tó ń bó obì kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Àgbàlá tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbé ọ̀bẹ wọn lọ láàárọ̀. Nígbà tí obì bá pọ̀, àwọn oníṣòwò a máa fi ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà fà wọ́n. Alàájà kò nílò ìyẹn, ìtàn mi ló ń fà wọ́n wá. Télọ̀ kan wà nínú rẹ̀, ará Ìkẹ́nnẹ́, tó ń fẹ́ ọmọ onílé rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọbìnrin náà lóòótọ́. Ó tún fẹ́ràn ilé bàbá ọmọ náà. Ó ń gbéraga, ó ń purọ́ ọjọ́ orí, kò sì lè sùn bí télọ̀ mìíràn bá rán aṣọ tó dára. Lójoojúmọ́ ni mo ń dá a dúró síbi tó ti fẹ́ ṣe ohun tí kò yẹ, àwọn obìnrin a sì máa bú u títí wọ́n á fi délé.

Àfi ọjọ́ tí mo ní kó jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀ fún onílé, onílé sì dárí jì í, tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ṣàmín. Inú mi dùn bí ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń bó obì láìfọhùn. Mo ṣe ìgbéyàwó fún télọ̀, ẹnì kan yán. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ìdajì wọn ti wà ní àgbàlá òdìkejì títì. Ẹ̀rù bà mí. Mo kó olè wọ ìtàn, mo jó ilé, mo ní kí ejò bu ìyàwó jẹ.

"Ejò yìí ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀," ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ́kù wí. "Kí ló ń bínú sí?"

Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, òun náà ti lọ.

Obì ti ń rùn nínú omi tí a rẹ ẹ́ sí. Alàájà kò pariwo. Ó ní, "Bí ọ̀la bá kọjá tí wọn ò bó o, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, mi ò sì ní lè máa bọ́ ẹ mọ́. Ọ̀gá ẹ ìjósí kọjá níbí. Ó ní àwọn ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì l'Ógèrè."

Orí àpótí ni mo jókòó sí, àpótí tí kò ga ju orúnkún lọ, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n bí ẹni pé mo ti wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Mo gbé ọ̀bẹ, mo ní kí n bó obì náà fúnra mi. Ìka mi ni mo bó.

Ni mo bá sọdá títì. Màmá àgbà kan láti Ẹ̀pẹ́ ni olórí wọn, ibi tó bá jókòó sí ni àwọn tó kù ń jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú èèpo obì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà. Nítorí Alàájà ni. Ó ṣe mí lóore, ọjà rẹ̀ sì ń bàjẹ́."

"Nítorí Alàájà nìkan?"

"Wọ́n máa dá mi padà sórí igi bíríkìlà, Màmá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó tán?"

Opó kan jókòó lẹ́yìn wọn, tó jẹ́ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín bí télọ̀ bá purọ́. N kò fẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín ní àgbàlá ẹlòmíràn. Ojú mi ti lọ síbẹ̀ kí n tó dá a dúró.

"Bọ̀dá," ẹnì kan wí, "ṣé obì ló ń bàjẹ́ ni, àbí ẹ̀yin fúnra yín?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Opó náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè.

Màmá gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀. "Gbogbo ohun tó gbé ẹ wá síbí, òótọ́ ni, àmọ́ èyí tó o kọ́kọ́ sọ ló kéré jù nínú wọn. Irú ẹ ni télọ̀ yẹn, tó fẹ́ràn ọmọ, tó tún fẹ́ràn ilé; ìyẹn la ṣe ń jókòó tì í. Nígbà tó wá di ẹni mímọ́, kí la fẹ́ bá a ṣe? Lọ sọ fún Alàájà kó má da obì nù, a ń bọ̀ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kí télọ̀ ti purọ́ kí oòrùn tó mú."