Iṣu Tí Mo Gbé Lọ Bá Òkun

Èmi ni mo gbá òkun Kútọnu létí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo na ọwọ́, gbàù! Omi sá sẹ́yìn tó ìrìn wákàtí kan, àwọn ẹja jókòó sórí yanrìn, wọ́n ń bẹ̀ mí.

Òkun ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Àwọn òyìnbó mú ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣe sójà, ọkọ̀ gbé e kọjá lórí omi yẹn, ó sì kú sọ́hùn-ún. Nílé wa ní Manigri, baba kì í fi iṣu tuntun kan ẹnu bí ìpín gbogbo ọmọ kò bá tíì dé ọwọ́ wọn. Ọdún méjì ni gbogbo agboolé fi gún iyán tuntun, tí bàbá mi jókòó ti ẹ̀kọ, torí kò mọ ibi tí yóò gbé ti àkọ́bí rẹ̀ sí.

Nígbà tí ọdún àwọn Faransé ti oṣù keje dé, tí ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta wà, mo ní mo fẹ́ lọ wo Kútọnu. Mo ti lo ọdún mẹ́ta nílé ìwé ní Bassila. Mo rò pé "bọ́ǹjúù" tí mo fi ń kí àwọn òyìnbó á ṣí gbogbo ọ̀nà. Bàbá mi wa iṣu àkọ́kọ́, ó fi ewé wé e.

"Jù ú sínú omi náà. Wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ìpín rẹ̀ rèé. Bí o bá dé, èmi náà á jẹun."

Kamiọ́ọ̀n akẹ́rù gbé mi dé Dáṣà, ọkọ̀ ojú irin gbé mi dé Kútọnu. Ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé níbẹ̀ mú mi káàkiri: afárá irin, ilé alájà, omi dídì tó ń jó ni lọ́wọ́ bí iná. Iṣu wà lábíyá mi.

"Òkun ńkọ́?"

"Ó di ọ̀la. Òkun ò níbi tó ń lọ."

Lọ́jọ́ kejì, a ti ń gbọ́ ariwo òkun nígbà tí gáàdì kan tó dé fìlà pupa fi ọ̀pá dí wa lọ́nà. Gómìnà fẹ́ kọjá. Gbogbo aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí wọ́n máa ju àsíá.

"Bọ́ǹjúù, mùsíè," mo ní.

"Bọ́ǹjúù bàbá ẹ! Kí lo há mọ́ abíyá?"

"Iṣu ni, ẹ̀gbọ́n. Ti òkú ni."

"Kí òkú máa jẹ iṣu, kí ebi máa pa alààyè?"

Ó já a gbà. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tò wá sínú oòrùn. Ẹ̀yìn mi ni gáàdì náà ti sun iṣu náà. Mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀, mo ń ju àsíá. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta ṣú, ọkọ̀ mi fẹ́ gbéra. Iṣu yẹn ò ní dà nínú ọkùnrin náà láé!

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. "O rí i?"

"Mo rí i, Bàbá. Mo jù ú, ó gbà á. Mo tún gbá omi náà létí nítorí yín."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó bu iyán tuntun, ó jẹ ẹ́ yó. Bó ṣe ń gbé òkèlè mì, bẹ́ẹ̀ ni inú ń bí mi sí gáàdì náà.

Mo ti darúgbó báyìí, inú náà ò tíì rọ̀. Gbogbo èyí tí mo sọ ló ṣẹlẹ̀, àfi ìgbátí yẹn. N kò gbá òkun létí. N kò tilẹ̀ rí i.