Fọ́tò Ìgalà Ẹ̀yìn Ìbà

Kékeré ni mo wà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, nígbà tí ẹ̀yìn ìlú Ìbà ní Èkó ṣì jẹ́ igbó àti àbàtà, tí èèyàn ń gbọ́ ohùn ọ̀bọ láti ibi tó ti ń fọ abọ́. Àbúrò ìyá mi, Bọ̀ọ̀dá Ràfíù, ń ya fọ́tò ní Òkòkòmáíkò. Àwọn ìyàwó ṣọ́jà láti bárékè Ọ̀jọ́ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé, tí mo bá ti gbálẹ̀, tí mo pọnmi tán, èmi àti òun á wọgbó lọ. Ẹranko ló fẹ́ràn láti máa yà.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Gàrí gbígbẹ la máa ń jẹ. Ó ka àgbọn léèwọ̀ fún mi, ó ní ìró eyín mi nìkan tó láti lé ẹranko dé Àgbádárìgì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi ṣọ́ abo ìgalà kan àti ọmọ rẹ̀, kí wọ́n tó wá mumi níwájú wa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló tẹ kámẹ́rà. Nígbà tí wọ́n lọ, mo wojú Bọ̀ọ̀dá. Omijé ló wà níbẹ̀.

Ó gbé fọ́tò náà kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Mò ń ṣeré sùwé níwájú ibẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá Lámídì, ọdẹ àdúgbò wa, wá wò ó. Bọ̀ọ̀dá ò sí níbẹ̀.

"Irọ́ ni," Bàbá wí. "Kòtónù ló ti rà á wá. Èmi tí mò ń dẹgbó Ìbà látọjọ́ yìí ò rí i, oníkámẹ́rà ló wá rí i?"

Ó dùn mí. "Kì í ṣe irọ́ o, Bàbá. Ẹ̀yìn oko kókò Ìyá Ṣẹ́gun ni, níbi tí ọ̀pẹ wó sí lẹ́bàá odò."

"Ṣé lóòótọ́, ọmọ mi?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa mí lórí.

Lọ́jọ́ kẹta, à ń jẹ̀bà lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin Bàbá Lámídì gbé itan ẹran wọlé. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá ní kí ẹ gbà á fún ọmọ yín. Wọ́n ní òun ló fọ̀nà ìgalà hàn àwọn."

Bọ̀ọ̀dá gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbọ́wọ́ sókè. Ó ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kó dìde," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Èmi ni mo gbé fọ́tò kọ́ síta."

Ká ní ó nà mí ni, ì bá sàn. Sátidé mẹ́ta ló dá lọ wá ọmọ ìgalà yẹn, kò rí i. Ó yọ fọ́tò náà lára ògiri. Èèyàn nìkan ló ń yà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Láyé ìgbà yẹn, oníkámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà, ẹranko sì pọ̀. Lóde òní, gbogbo ọwọ́ ló ní kámẹ́rà. Ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń háyà ló bo ibi tí èmi àti Bọ̀ọ̀dá máa ń jókòó sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ya fọ́tò awọ́nríwọ́n kan lẹ́bàá gọ́tà. Ó fẹ́ fi fóònù gbé e jáde kí gbogbo ayé rí i, ó wá ń bi mí lórúkọ ibẹ̀, kóun kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó má kọ ọ́.

"Màmá àgbà, wọn ò ní gbà pé òótọ́ ni."

"Jẹ́ kí wọ́n má gbà."