Wọ́n Fi Eré Sísá Mi Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí síbẹ̀. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Pápá Àjàó ní Èkó ni òun àti ọkọ rẹ̀ wà, àwọn méjèèjì sì wà nínú ẹgbẹ́ ìsáré kan ní Sùúrùlérè. Lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá wà ní ìsinmi gígùn, ẹgbẹ́ náà máa ń ṣe ìdíje, wọ́n sì máa ń gba àlejò láàyè láti bá wọn sá a.

"Máa bọ̀ jàre," ó ní lórí fóònù. "Ṣebí ìwọ náà ń sáré lọ́hùn-ún. Wá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ní àbúrò."

Òótọ́ ni, mò ń sáré. Lẹ́yìn tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi ni mo bẹ̀rẹ̀, ní ìdájí, kí ilé tó jí. Mi ò tẹ́ẹ́rẹ́, n kò sì lè tẹ́ẹ́rẹ́ láé, bí wọ́n ṣe bí wa nílé wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń gbé mi, èémí mi sì gùn.

Eré ẹgbẹ̀rin mítà ni wọ́n fi mí sí pẹ̀lú àwọn obìnrin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ orí, a ó yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn wọ aṣọ ẹgbẹ́, aláwọ̀ ewé. Èmi nìkan ni mo wọ pupa. Lábẹ́ kánópì, ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun jókòó ti máìkì. Òun ló ń kéde ohun gbogbo.

Fèrè dún, a gbéra. A ò tíì dé kọ́nà àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wo àlejò wa láti Ìbàdàn! Àǹtí aláṣọ pupa, ẹ rọra o, kí pápá wa má lọ ya!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ yà, tírélà ń bọ̀! Ta ló di ẹrù sí Àǹtí lẹ́yìn?"

Mo mọ bí ojú ṣe ń ti èèyàn. Èyí kì í ṣe ìyẹn. Inú ló bí mi. Ó ṣe mí bíi kí n yà kúrò lójú eré kí n lọ bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró, yóò ní tírélà ti bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Mo bá ń sá lọ.

Ìgbà tí mo ń kọjá níwájú kánópì ni mo rí ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń rín. Ọmọ ìyá mi!

Mi ò mọ bí mo ṣe sá ìyókù. Mo ṣáà kọjá ẹnì kan, mo kọjá ẹlòmíì, mo sì ṣe ipò kejì. Obìnrin tó ṣe ipò kìíní dì mọ́ mi. "Àǹtí, ẹ má dá a lóhùn," ó ní. "Bó ṣe máa ń ṣe gbogbo wa nìyẹn."

Gbogbo wọn! Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá da epo sí iná. Mo lọ tààrà sábẹ́ kánópì.

"Ẹ gbé máìkì yẹn fún mi."

"Háà, Àǹtí, ẹ̀fẹ̀ ni o."

"Mo ní ẹ gbé e wá."

Bóyá ó rò pé mo fẹ́ dúpẹ́ ni, ó gbé e fún mi. "Ẹ káàsán o," mo ní. "Èmi ni tírélà. Mo wá bá yín sáré ni, mi ò wá kí ẹ fi ara mi pa ara yín lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yìí, láti àárọ̀ tí mo ti dé, mi ò rí i kó dìde lórí àga. Ṣé ẹni tó jókòó ló ń bú ẹni tó ń sá?"

Alága ẹgbẹ́, bàbá arúgbó kan, sún mọ́ mi. "Ọmọ mi, ó tó. Má bà wá lórúkọ jẹ́."

"Bàbá, ohùn tèmi lẹ wá gbọ́. Tirẹ̀ láti àárọ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà gba máìkì rẹ̀. "Ẹ bá mi bẹ Àǹtí oníbìínú o," ó ní, wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín. Mi ò dúró gba ẹ̀bùn kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi sáré bá mi létí títì. "Eré lásán ni. Èmi náà, ó pè mí ní àgbá lọ́dún tó kọjá."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo rẹ́rìn-ín." "Kí ni ǹ bá ṣe?"

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sílé rẹ̀. Ó bu omi gbígbóná pé kí n fi tẹ ẹsẹ̀. Mo gbà á. Mi ò dúpẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo padà sí Ìbàdàn.

Lẹ́yìn náà ló pè mí pé òun ò bá wọn sáré mọ́, àfi tí ọkùnrin yẹn bá kúrò nídìí máìkì. Wọn ò mú un kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń dá sáré ládùúgbò báyìí. Ọkọ rẹ̀ ṣì ń lọ bá wọn ní gbogbo Sátidé, ìyẹn náà sì ń bí mi nínú.