Òróró Lórí Ilé Páálí

Ọdún tí mo fẹ́ jáde ní yunifásítì ní Manchester ni wọ́n pín àwọn ilé àtijọ́ fún àwa tí à ń kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́, pé kí oníkálukú fi páálí kọ́ model tirẹ̀, ìyẹn àwòṣe kékeré. Èmi ni wọ́n fún ní gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ kan tó ń wá ìmọ̀ nípa ẹ̀mí kọ́ sórí òkè ní Yúróòpù, láàárín ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Kọnkéré ni wọ́n fi dà á látòkèdélẹ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń to bíríkì. Ògiri ń tẹ̀, òrùlé wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n ti pò.

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń sìn níbẹ̀? Mo kà á títí, kò yé mi. Bẹ́ẹ̀, ilé yẹn ń wù mí dé ibi tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Èmi ọmọ pásítọ̀ láti Abẹ́òkúta!

Àbúrò màmá mi, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Openshaw, wo model náà lórí tábìlì.

"Ẹ̀mí wo ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"O ò mọ̀, o wá gbé e wọ ilé mi? Òróró àdúrà wà lórí fìríìjì o."

Mo ní láéláé, mi ò ní ta òróró sí i. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbé iṣẹ́ wa kalẹ̀, àyà mi já. Bí mi ò bá yege, ọwọ́ òfìfo ni mo máa gbé padà sílé. Mo kán òróró sórí òrùlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Yéè! Páálí mà ni! Èmi tí mò ń kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́! Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé náà ti rọ̀, ó ti tẹ̀ wọnú.

Olùkọ́ mi fi ìka kàn án. Ó béèrè ohun tó ṣe é.

"Òjò ni," mo ní. Oòrùn sì ń ràn lójú fèrèsé.

Kò bá mi jiyàn. Mo yege, mi ò mọ bó ṣe jẹ́.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìsinmi, Anti mi, tó rí i pé òróró inú ìgò ti dín, ti ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ìjọ. Wọ́n ní kí n bọ́ síwájú, kí n wá jẹ́rìí. Wọ́n gbé máìkì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọlọ́run tí ojú tì mí láti dárúkọ rẹ̀ níwájú olùkọ́ mi ni wọ́n ní kí n wá yìn.